Ìyá Tí Ó Kú Ní Ojú-Ìwé Kìíní

Ìjẹ̀bú-Òde,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Yétúndé, Àníkẹ́ mi,

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, nítorí ó mọ̀ mí. Ó ní bí mo bá ti mú báírò, mo máa ń gbàgbé ìkíni, bíi pé ọmọ iléèwé mi ni gbogbo ayé. Ó dáa, mo kí ọ. Mo kí Kúnlé. A wà láàyè, orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀, fóònù tí o rà fún mi sì wà lórí tábìlì níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù. Lórí fóònù, o ó máa wí pé "Ẹn-ẹ́n, Màámi," o ó sì máa fi ọwọ́ kejì ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí bí o ṣe lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú lẹ́tà.

Mo ti ka ìwé rẹ tán, èyí tí o dì sínú àpòòwé ńlá tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, tí o ní kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó kó o fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ náà ni ìgbéyàwó, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwọ àti Kúnlé yóò kó lọ sí Kàdúná. Nítorí náà mo yára kà á. Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, bí o ṣe mọ̀ mí. Mo fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá tí o kò fi àmì sí dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn mo gbàgbé báírò, nítorí ìtàn náà dùn. Mo jẹ́wọ́. Nígbà tí ọmọ ọba ìwin yẹn sọ pé òun yóò fi àìkú òun sílẹ̀ nítorí Ìbídùn, mo ní ìrẹsì lórí iná. Ìrẹsì náà jóná. Bàbá rẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá Ìbídùn kú ní ojú-ìwé kìíní. Kò pé ìlà mẹ́fà. O kàn ní ibà mú un, ó sì kú, ọmọ rẹ̀ wá wọ inú igbó lọ. Bàbá ọmọ náà ti lọ sógun, kò padà. Ìyá àgbà kan ṣẹ́kù nínú ilé, adití ni, oorun ló sì ń sùn títí ìwé fi parí. Mo ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ.

Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ti kú sógun."

Ó ní, "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ó sàn ju kí n máa hanrun títí ìwé á fi parí."

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, o rántí. Mo ní, "Yétúndé, kí ni obìnrin yìí ṣe fún ọ?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màámi, ẹ má bínú. Òbí kì í pẹ́ nínú irú ìwé báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń kà á. Tí ìyá bá wà nílé, ṣé á jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ tẹ̀lé ìwin wọgbó ni?" Mo ní ó dáa, ó dàárọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì kiri inú ilé, bí ẹni tó ń wá ìgò ojú rẹ̀ tó sì wà lórí rẹ̀.

Mo ti rí i báyìí. Ìwọ kọ́ lo pa ìyá náà, Àníkẹ́. Èmi ni mo pa á. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn, kí o sì ní sùúrù fún mi.

O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Mo ń tún yàrá rẹ ṣe, mo gbé ìrọ̀rí sókè, mo rí ìwé iléèwé kan lábẹ́ rẹ̀, èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo ṣí i láàárín, ìkọ̀wé rẹ ni. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé ni pé: "Gbọ́láhàn di ọwọ́ mi mú. Ó ní ká lọ sílé bàbá òun, ẹnikẹ́ni kò ní í rí wa níbẹ̀." Ojú mi ṣú. Gbọ́láhàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀, èyí tó ń tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ akọrin tí o wà, ọmọ káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ṣí ojú-ìwé kìíní. Mo wé gèlè, mo pe ọlọ́kadà.

Bàbá Gbọ́láhàn ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Àwọn oníbàárà méjì jókòó tì í. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Bàbá Gbọ́láhàn, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń fi ọmọ mi ṣe!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn tí mo fi ń ka Bíbélì fún àwọn ọmọ iléèwé láàárọ̀ ni mo fi kà á. Mo ka ibi tó ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Mo ka ti ilé bàbá rẹ̀. Mo ṣí ojú-ìwé kejì láì kọ́kọ́ wò ó, mo ń kà á lọ: "Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ odò, Gbọ́láhàn na ìrù rẹ̀, ìpẹ́ ara rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà."

Bàbá Gbọ́láhàn gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ibi ìrù yẹn kà."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní, "Àbí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Tíṣà? Ẹja ni gbogbo ìran káfíńtà yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo rìn padà sílé. N kò rántí pé ọ̀kadà wà láyé.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìwọ ló parí sí lára. Kí ọjọ́ Sọ́ńdè tó dé, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti gbọ́. "Ìyàwó ẹja" ni wọ́n ń pè ọ́. O fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìwọ tó jẹ́ pé orin ni oúnjẹ rẹ. O wá bá mi ní ilé ìdáná, o ní, "Màámi, ìwé mi dà?" Mo ní, "Mo ti sun ún." O kò sunkún. O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ ṣé, mà." Yétúndé, ìbá sàn kí o pariwo lé mi lórí. "Ẹ ṣé, mà" yẹn ṣì ń dùn mí lónìí. Láti ọjọ́ náà, n kò rí ọ kí o kọ ìtàn kankan nínú ilé yìí mọ́, Ìbàdàn ni o ti lọ ń kọ ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo mú kí orí ọmọ wọ́.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rèé, kí n tó gbàgbé pé ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ kọ. Bí o bá di ìyá, tí o bá rí ohun tó dẹ́rù bà ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ, kà á láti ojú-ìwé kìíní. Bí o bá kà á tán tí ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́, jókòó mu omi. Káfíńtà kò sá lọ síbì kankan.

Ìkejì gùn díẹ̀, ti ìyá mi ni. O kò bá a láyé, n kò sì sọ eléyìí fún ọ rí. N kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ pàápàá.

Ayépé ni ìyá mi gbé, aṣọ ló ń hun. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa òwú rẹ̀ láró, aró náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́. Aṣọ yẹn ló fi rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń fi ọkọ̀ wá gbé wọn, tí wọ́n ń wọ bàtà gogoro. Wọ́n bi mí léèrè ìyá tèmi. Mo ní ó ti kú.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Àníkẹ́. Kò pé ìlà kan, ìwọ tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìlà mẹ́fà. Ó sì dùn mọ́ mi! Wọ́n ṣàánú mi, wọ́n ń bu mílíìkì àti ṣúgà fún mi, mo wá di ẹni pàtàkì, ọmọ òrukàn tó ń dá jà láyé. Ohun tí o sọ lórí fóònù, mo ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí ọ: ọmọ tí kò ní òbí máa ń dà bí akọni lójú ara rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbẹ̀wò, ọ̀rẹ́ mi kan sáré wọlé. "Ìyá kan wà ní géètì o, ó ní ìyá ẹ lòun. Ṣebí o ní ìyá ẹ ti kú?" Mo jáde, ọ̀rẹ́ mi tẹ̀lé mi, ó sì ń tún un wí, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Ìyá mi dúró síbẹ̀, abọ́ tánganran wà lórí rẹ̀, tí ó fi aṣọ funfun dì. Ó ti gbọ́. Ó wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ ki, bí o ṣe lè kà á ni mo ṣe kọ ọ́. Ó ní, "Má dá mi lóhùn jàre, ọmọ mi, ẹnu ló yọ̀ mí. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí. Àwa méjèèjì la jọra bẹ́ẹ̀."

Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ewùrà ni, ẹja gbígbẹ tóbi lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ó ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù." Kò jókòó. Láti Ayépé ló ti wá, kò sì jókòó. Mo pín ìkọ́kọrẹ́ náà fún gbogbo yàrá, wọ́n ní àbúrò ìyá mi mọ oúnjẹ sè. Mo jẹ tèmi.

Kò bá mi sọ ọ́ rí títí ó fi kú. Lọ́dọọdún ni mo ń wí pé màá tọrọ àforíjì bó bá di Kérésìmesì. Ó ku oṣù mẹ́ta kí n bí ọ, ó kú. Mo sọ ọ́ ní Yétúndé, kí n lè máa pè é lójoojúmọ́. Mo ń pè é, ọmọ ló sì ń jẹ́ mi. Nísinsìnyí tí ilé dákẹ́, mo máa ń pe orúkọ náà nígbà mìíràn láì mọ ẹni tí mo ń pè nínú yín.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ ìyá sínú ìwé rẹ, má rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí ó kú tàbí kí ó di ọ̀tá. Èmi lọ́jọ́ káfíńtà, ọ̀tá ni mo jẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà láàyè, kò sì dí ọ̀nà fún mi. Ó gbà láti kéré nínú ìtàn ọmọ rẹ̀, nítorí ó rí i pé ìtàn náà kò gba òun. Bí o bá lè kọ irú ìyá bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò kà á, ẹnì kan nínú wọn yóò sì sáré padà lọ sí géètì.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n pè é ní ìkẹta.

Ọmọ ọba ìwin rẹ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀, ojú rẹ̀ wù mí, ṣùgbọ́n o di ẹrù lé e lórí jù. Òun ló ń bọ́ Ìbídùn, òun ló ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ibi tí yóò sùn, òun ló ń bá a wí, òun náà ló tún ń fẹ́ ẹ. Nítorí pé o pa òbí, ó di dandan kí olólùfẹ́ di ìyá, kó di bàbá, kó di àǹtí. Ní ojú-ìwé tí ó bínú tó fi sá wọ inú igi, Ìbídùn jókòó sí gbòǹgbò igi náà fún ọjọ́ méje, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá sọ̀rọ̀. Mo bínú níbẹ̀. Mo pariwo sí ìwé náà. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jí!"

Bí ó ṣe rí nínú ìwé ló rí ní Kàdúná. Kúnlé, ọkọ ni. Ọmọ dáadáa ni, n kò bú u. Má fi í ṣe ìyá àti bàbá rẹ, àárẹ̀ á mú un, ìwọ náà á sì di ọmọdé sí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá jà, tí ó wọ inú igi tirẹ̀ lọ, má jókòó sí gbòǹgbò. Pè mí. N kò ní í wé gèlè. N kò ní í pe ọlọ́kadà. Mo kàn máa gbọ́ ọ.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń jẹ́wọ́, o ní kí a má ṣèwádìí ilé Kúnlé, pé ayé ti kọjá ìyẹn. Èmi kò lọ o. Bàbá rẹ ló lọ. Ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní pákó lòun fẹ́ rà, ó jókòó sí iwájú ilé wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó sì padà pẹ̀lú pákó méjì tí a kò nílò àti ìròyìn pé àwọn ènìyàn náà máa ń kí ara wọn láàárọ̀. Pákó náà wà lẹ́yìnkùlé. Má bá a jà. Bí wọ́n ṣe lọ wo ilé òun náà nìyẹn kí wọ́n tó fi mí fún un, ìyá mi ló lọ, ó ní irúgbìn ewùrà lòun ń wá.

Ó ku ọ̀kan. Òun ni mo ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí.

N kò sun ìwé rẹ.

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ káfíńtà dé lọ́jọ́ náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo kà á láti ojú-ìwé kìíní. Ojú tì mí dé egungun. Ìtìjú yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dá a padà fún ọ, nítorí bí mo bá dá a padà, màá ní láti sọ pé mo jẹ̀bi, tíṣà kì í sì í jẹ̀bi nígbà náà. Irọ́ yá mi lẹ́nu ju àforíjì lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Mo wà lórí ìjókòó, n kò rí ju orúkọ rere ara mi lọ. Mo fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí tí aṣọ tí ìyá mi hun wà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Òórùn aró ti wọ̀ ọ́.

Mo tún un kà ní àná. Ṣé o rántí ohun tó wà níbẹ̀? Mo rò pé o ti gbàgbé. Ìyá Àbẹ̀ní, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, wà láàyè nínú ìwé náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wà láàyè, ó ń yan gàrí, ó ń kọrin, ó ń bú ewúrẹ́. Ní ojú-ìwé tó kẹ́yìn, Gbọ́láhàn onírù ti wà nínú odò, ó ń na ọwọ́, Àbẹ̀ní ti fi ẹsẹ̀ kan wọ omi. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀lé e dé etí odò. Mo rò pé ó fẹ́ fà á padà ni. Rárá. Bàtà ló mú lọ́wọ́. Ó ní, "Àbẹ̀ní, o gbàgbé bàtà rẹ."

Ibẹ̀ lo dé tí mo fi gbé ìrọ̀rí sókè. Ìlà tó kẹ́yìn nìyẹn, ojú-ìwé tó kù funfun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́, o sì ti mọ ohun tí èmi ń fi lẹ́tà gígùn yìí wá kiri: pé ìyá lè wà láàyè kí ọmọ ṣì wọ odò. O mọ̀ ọ́n, o kọ ọ́, o sì rò pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìyá inú ìtàn rẹ ti ń kú. N kò jiyàn mọ́. Mo jẹ̀bi, Yétúndé. Dárí jì mí. Mo sọ ọ́ báyìí, kò dúró de Kérésìmesì.

Ìwé náà rèé nínú àpòòwé, pẹ̀lú ti Ìbídùn. N kò fi báírò pupa kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kọ "fàdákà" láì fi àmì sí i. N kò sọ pé kí o jí ìyá Ìbídùn dìde. Ìwọ lo ni ìtàn, bí ó bá di dandan kí ó kú, pa á, ìwé á ṣì dùn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé Kàdúná tù ọ́ lára. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá sì bi ọ́ léèrè arúgbó tó wá láti Ìjẹ̀bú, tó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, sọ ohun tó bá wù ọ́. Mo mọ ohun tí màá dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣì wà létí odò láti ọjọ́ yìí wá, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀. O kò tíì kọ ohun tí ọmọ náà dá a lóhùn.

Títí o ó fi kọ ọ́, èmi ni,

Àbúrò ìyá rẹ.